Ilé Ìtajà Òwò Àìrẹ́jẹ Nínú Ìjọ ní Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà

Òwò àìrẹ́jẹ ni òwò tí ẹni tó fẹ́ ra ọjà àti ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ti jọ jókòó, tí wọ́n ṣírò ohun tí iṣẹ́ náà gbà lówó àti lágbára, tí wọ́n sì fẹnu kò sí iye tí oníṣẹ́ yóò fi jẹun, tí yóò fi ra ohun èlò mìíràn, tí díẹ̀ yóò sì tún kù sí i lọ́wọ́. Ilé ìtajà òwò àìrẹ́jẹ ni ṣọ́ọ̀bù tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ìjọ, àwọn ọmọ ìjọ tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń dúró ti káńtà, àwọn ló ń kọ ìwé, àwọn ló ń lọ kó ọjà, wọn kì í sì í gba owó oṣù. Ibi tí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ti máa ń dára tàbí bàjẹ́ ni ìdáhùn sí ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ni iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda yìí ń ṣe láǹfààní?

Inú ìjọ ni òwò yìí ti hù ní òkè òkun. Ní 1946, Edna Ruth Byler, ọmọ ìjọ Mennonite láti Amẹ́ríkà, rìnrìn àjò lọ sí Puerto Rico. Ó bá àwọn obìnrin níbẹ̀ tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ọnà sára aṣọ. Iṣẹ́ náà rẹwà, ṣùgbọ́n owó tó ń ti ibẹ̀ wá kò tó wọn jẹun. Ó rà nínú rẹ̀, ó kó o sínú bùútù ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ báyìí ló di Ten Thousand Villages. Ní 1949, ìjọ Church of the Brethren, ní Amẹ́ríkà kan náà, bẹ̀rẹ̀ SERRV láti bá àwọn tí Ogun Àgbáyé Kejì sọ di aláìnílé ní Yúróòpù ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù kan ṣí ní Breukelen, ní Netherlands, ní 1969, tí àwọn olùyọ̀ǹda sì ń dúró tì í, irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní àwọn ìlú Yúróòpù.

Traidcraft, tí Richard Adams dá sílẹ̀ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1979, ló mú ọ̀nà náà wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì jù lọ. Ọmọ ìjọ kan á gba kọfí, tíì àti ṣúgà lọ́wọ́ wọn, á tẹ́ tábìlì sí ẹ̀yìn ìjókòó lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, á tà á fún àwọn tó ń jáde lọ, á sì dá owó padà. Kò sí owó ilé, kò sí owó oṣù, àwọn oníbàárà sì ti péjọ síbẹ̀ kí ọjà tó dé. Ní 1988, Frans van der Hoff, àlùfáà Kátólíìkì tó ń gbé láàárín àwọn àgbẹ̀ kọfí ní Oaxaca, ní Mẹ́síkò, àti Nico Roozen gbé àmì Max Havelaar jáde, kí ẹni tó wọ sùpámákẹ́ẹ̀tì lè dá kọfí tí wọn kò rẹ́ àgbẹ̀ rẹ̀ jẹ mọ̀ yàtọ̀. Ní 1992, CAFOD, Christian Aid, Oxfam, Traidcraft àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn dá Fairtrade Foundation sílẹ̀ ní Britain fún iṣẹ́ kan náà.

Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní Ghana, àwọn àgbẹ̀ kòkó dá ẹgbẹ́ Kuapa Kokoo sílẹ̀ ní 1993. Nígbà tó di 1998, ẹgbẹ́ náà ti ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ kan ní London tó ń ta ṣokoléètì Divine, Christian Aid sì wà lára àwọn tó tì í lẹ́yìn. Àgbẹ̀ tó ń ta kòkó níbẹ̀ wà lára àwọn tó ni ilé iṣẹ́ tó ń ta ṣokoléètì tí wọ́n fi kòkó náà ṣe. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí a kà sílẹ̀ yìí, èyí ni ó jinlẹ̀ jù, nítorí pé ó fún àgbẹ̀ ní ohùn níbi tí wọ́n ti ń pín èrè.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì àti òwò àwọn àgbẹ̀ ti pàdé kò jìnnà sí Ṣàngó-Ọ̀tà rárá. Agége ni, níbi tí ènìyàn ń gbà kọjá lọ sí Èkó. Jacob Kehinde Coker, oníṣòwò àti olóko kòkó ní Ìfàkọ̀, wà lára àwọn aṣáájú tó jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó, ní 1901, tí wọ́n dá African Church sílẹ̀. Ní 1907, òun àti àwọn olóko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ìwàásù àti kòkó gbà rìn: àwọn tó ń tan ìjọ náà kálẹ̀ ń kọ́ àwọn ènìyàn ní bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó, àwọn tó sì wá ṣe lébìrà ní oko Agége láti àárín gbùngbùn ilẹ̀ Yorùbá ń kó èso rẹ̀ lọ sí ìlú wọn. Ẹgbẹ́ náà wà kí olóko má baà dá dúró níwájú àwọn tó ń ra kòkó. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìtàn Agége tí ẹni tó fẹ́ dá òwò àìrẹ́jẹ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wò dáadáa. Ẹgbẹ́ àwọn olóko ni. Iye tí wọn yóò máa san fún lébìrà wà lára ohun tí wọ́n ń fẹnu kò lé lórí, lébìrà kò sì sí nínú ìpàdé. Ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ lókè lè máa rẹ́ ẹlòmíràn jẹ nísàlẹ̀ láìfura. Nítorí náà, nígbà tí ìjọ kan ní Ọ̀tà bá fẹ́ ra gàrí lọ́wọ́ ìyá tó ní ẹ̀rọ ìlọ̀, kò tó láti bi í léèrè iye tó ń tà á. Ó yẹ kí wọ́n béèrè ohun tí àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ fún un ń gbà ní òòjọ́.

Àpẹẹrẹ Ayétòrò ní etí òkun Ìlàjẹ tún yàtọ̀ sí èyí. Ní 1947, àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó, wọ́n sì sọ ohun gbogbo di àjọní: wọ́n jọ ń pẹja, wọ́n jọ ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n jọ ń hun aṣọ, owó rẹ̀ ń wọ àpò kan, àpò kan náà ló sì ń bọ́ gbogbo wọn. Ìlú náà lọ́rọ̀ débi pé àwọn àlejò ń wá wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ètò àjọní yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tú, oníkálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Ìgbàgbọ́ lè mú kí ènìyàn ṣiṣẹ́ láìgbowó fún ọdún púpọ̀, àmọ́ bí kò bá sí ìṣirò tó fojú hàn nípa ẹni tó ṣe kí ni àti ohun tó kàn án, àárín àwọn tó jọ gbàgbọ́ náà lè dàrú.

Ìjọba náà ti dá sí ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó tẹ Ayétòrò dó. Ìròyìn tí C. F. Strickland kọ nípa ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Nàìjíríà jáde ní 1934, òfin rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní 1935. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kóòpù ti wọ ẹnu gbogbo ènìyàn, tí kò fi sí ilé iṣẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Ọ̀tà lónìí tí kò mọ ohun tí àjẹṣẹ́kù jẹ́.

Ọ̀tà jẹ́ ìlú Àwórì tí iṣẹ́ ìhìnrere ti pẹ́ níbẹ̀. Láti 1854 ni James White, òṣìṣẹ́ Church Missionary Society (CMS), ti ń wàásù ní ìlú náà. Iṣẹ́ ọwọ́ ti pẹ́ níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn agbẹ́gilére Ọ̀tà lókìkí nínú gbígbẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lónìí, ilé iṣẹ́ ńláńlá ló kún ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, láti Ọ̀tà títí dé Agbára, Ṣàngó sì ti di ìkóríta tí ọkọ̀ Abẹ́òkúta, Èkó àti Ìdí-Ìrókò ti ń pàdé. Lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ni Faith Tabernacle wà ní Canaanland, ilé ìjọsìn tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1999 pẹ̀lú ìjókòó 50,000. Covenant University bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2002, Bells University sì tẹ̀lé e ní Ọ̀tà ní 2005. Ìlú tí ìjọ pọ̀ sí ni, ìlú òṣìṣẹ́ sì ni: àwọn kan ń jáde iṣẹ́ òru nígbà tí àwọn mìíràn ń wọlé iṣẹ́ àárọ̀, òpin oṣù sì ni owó máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn.

Ohun tí ẹ̀rọ ṣe ló kún ọjà irú ìlú báyìí. Ọṣẹ, ike, núdùsì àti ohun mímu ń jáde láti ẹnu géètì ilé iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù kékeré kankan kò sì lè bá wọn du iye owó. Ohun tí ilé iṣẹ́ kò lè ṣe ni ṣọ́ọ̀bù àìrẹ́jẹ gbọ́dọ̀ wá kiri, ó sì wà nítòsí. Àdìrẹ wà ní Abẹ́òkúta, ìrẹsì Ọ̀fàdà wà ní Ọbáfẹ́mi-Òwódé, gàrí àti epo pupa wà ní agbègbè Yewa àti Ìpókíá. Bí ọkọ̀ bá lè jìnnà díẹ̀, aṣọ òkè wà ní Ìsẹ́yìn, òrí wà ní Ṣakí.

Ìjọ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò ní bá ilẹ̀ lófìfo, nítorí gbogbo ìjọ ló mọ ìkórè àti bàsáà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti lè wọlé. Ní ọjọ́ ìkórè, àwọn ọmọ ìjọ á gbé iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìẹ àti páálí ohun mímu wá, wọ́n á lù ú ní gbàǹjo, ẹni tí Ọlọ́run bùkún á fi ₦20,000 ra iṣu kan, owó á sì wọ àpò ìjọ. Ohun tó dára ni. Ọrẹ ni gbogbo rẹ̀: ẹni tó gbé iṣu wá ti fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ẹni tó rà á náà mọ̀ pé ọrẹ ni òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n nínú òwò àìrẹ́jẹ, ẹni tó ṣe ọjà kò fi nǹkan kan tọrẹ. Ó ta ọjà ni, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí ìjọ tó mọ̀ bóyá èrè wà. Ìjọ tó bá fi ọkàn bàsáà ṣí ṣọ́ọ̀bù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún aládìrẹ pé kí ó “ro ti iṣẹ́ Ọlọ́run mọ́ ọn” kí ó sì dín owó kù. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, òwò náà ti di ìrẹ́jẹ, ì báà jẹ́ pé àdúrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda jẹ́ owó, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ kà á sí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó lè gbà lọ. Ó lè lọ sọ́dọ̀ oníbàárà, tí ṣọ́ọ̀bù yóò fi máa ta ọjà ní pọ́ọ́kú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá tó ń ta gàrí ní Ṣàngó, tí wọ́n ń san owó ìsọ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì, ni ìjọ ń ba òwò wọn jẹ́. Ó lè wọ àpò ìjọ, kí ó di bàsáà ojoojúmọ́. Ó sì lè lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe ọjà, kí owó tí ìbá jẹ́ ti ọmọ ìtajà di àfikún owó oníṣẹ́. Ọ̀nà kẹta yìí nìkan ni ó bá orúkọ òwò àìrẹ́jẹ mu, ó sì yẹ kí ìjọ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé kí wọ́n tó ra àgádágodo àkọ́kọ́.

Bí a ṣe ń ṣírò owó ọjà nìyí, kí ọ̀rọ̀ náà lè fojú hàn. Ká mú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan. Aládìrẹ á kọ́kọ́ se ẹ̀kọ láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, á fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà sára aṣọ funfun, á sá a kí ẹ̀kọ náà lè gbẹ, á rì í bọ inú aró, á gbé e jáde kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á tún rì í bọ̀ ọ́ títí tí àwọ̀ náà yóò fi dúdú tó bó ṣe fẹ́, á wá ha ẹ̀kọ kúrò, á fọ̀ ọ́, á sá a. Ká sọ pé aṣọ funfun náà jẹ́ ₦6,000, aró àti ẹ̀kọ jẹ́ ₦1,500, iṣẹ́ rẹ̀ sì gba odindi ọjọ́ mẹ́ta. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá 2024 jẹ́ ₦77,000. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, ọjọ́ kan jẹ́ ₦3,500, ọjọ́ mẹ́ta sì jẹ́ ₦10,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦18,000. Iye yìí ni ìpìlẹ̀, owó oníṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì dán ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ yẹ kó gbà jù bẹ́ẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e fún owó ọkọ̀, iná àti ọ̀rá, yóò tà á ní ₦21,600. Ká ní ó ń san owó oṣù ọmọ ìtajà ni, ₦3,600 yẹn kò ní ká a, ibi tí yóò sì ti wá ìyókù ni ara aládìrẹ.

Oníbàárà lè sọ pé irú aṣọ náà wà lọ́jà ní owó tí kò tó ìdajì èyí. Òótọ́ ni pé aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà, tó sì jọ àdìrẹ, ti kún ọjà, àwọn aládìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta sì ti ń ké gbàjarè lórí rẹ̀ tipẹ́. Ohun tí ṣọ́ọ̀bù lè ṣe ni kí ó so ìwé kékeré mọ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ìlú tí wọ́n ti ṣe é síbẹ̀, ọjọ́ tó gbà, àti bí owó rẹ̀ ṣe pín: iye ti oníṣẹ́, iye ti ohun èlò, iye ti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ òǹtajà ló ń fi èyí pamọ́. Ibi tí ṣọ́ọ̀bù àìrẹ́jẹ bá ti fi í hàn ni agbára rẹ̀ wà.

Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù tó kéré jù kò lè máa ra aṣọ ₦21,600 lóṣooṣù. Oúnjẹ ni yóò máa mú oníbàárà padà wá: gàrí, ìrẹsì Ọ̀fàdà, epo, oyin, èlùbọ́. Ẹni tó ń dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tó sì kó iṣẹ́ ọnà nìkan sínú rẹ̀ yóò rí àwọn tó ń wò kiri ju àwọn tó ń ra ọjà lọ. Oúnjẹ ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ògiri.

Owó oúnjẹ máa ń lọ sókè sódò, ìyẹn sì nílò àdéhùn tirẹ̀. Ètò Fairtrade ti kòkó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn. Ní oṣù kẹwàá 2019, wọ́n gbé iye tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ san lórí tọ́ọ̀nù kòkó kan sí $2,400, pẹ̀lú $240 tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ yóò fi ṣe ohun tí wọ́n bá fẹ́ fún ìlú wọn. Ní oṣù kejìlá 2024, kòkó ń lọ ní ohun tó ju $12,000 lọ ní ọjà àgbáyé. Ẹni tó ń ra kòkó kì í san $2,400 nígbà bẹ́ẹ̀, iye ọjà ni yóò san. Ààbò ni iye tó kéré jù náà wà fún, fún ìgbà tí ọjà bá ṣubú. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí pẹ̀lú gàrí ní Ọ̀tà nìyẹn: kí wọ́n fẹnu kò sí iye tí kò ní já sílẹ̀ ní ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá pọ̀, kí wọ́n sì san iye ọjà bí ó bá wọ́n.

Òṣùwọ̀n náà jẹ́ ọ̀rọ̀ òdodo. Gbogbo ẹni tó ti ra gàrí rí mọ kọ́ńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, tí ojú rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ kò gba ohun tó yẹ kó gbà. Kọ́ńgò ńlá tún wà tí alágbàtà fi ń rà lọ́wọ́ àwọn ará oko àti kékeré tó fi ń tà ní ìgboro. Kí ṣọ́ọ̀bù máa fi kílò rà, kí ó sì máa fi kílò tà, kí ìwọ̀n náà wà níbi tí oníṣẹ́ àti oníbàárà ti lè rí i. Òfin Mósè àti ìwé Ámósì dá òṣùwọ̀n èké lẹ́bi, ìjọ kò sì ní àwíjàre kankan lórí èyí.

Owó àsansílẹ̀ ni ohun tó le jù fún ṣọ́ọ̀bù tuntun, kò sì ṣe é fò. Àjọ òwò àìrẹ́jẹ àgbáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989 tí orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ WFTO báyìí, ní ìlànà mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ní kí ẹni tó fẹ́ ra iṣẹ́ ọwọ́ san ó kéré tán ìdajì owó sílẹ̀ láìgba èlé, bí oníṣẹ́ bá béèrè. Ìdí rẹ̀ rọrùn láti mọ̀ fún ẹni tó bá mọ ayé aládìrẹ. Kò ní owó aṣọ funfun lọ́wọ́. Alágbàtà á yá a, àdéhùn wọn á sì jẹ́ pé òun nìkan ni yóò ra aṣọ náà, ní iye tí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́. Gbèsè yẹn ni ó so ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kí owó ìbẹ̀rẹ̀ tí ìjọ bá kó jọ má ṣe lọ sórí pákó, kíkùn àti àkọlé ara ògiri. Àwọn olùyọ̀ǹda lè fi ọwọ́ wọn kan pákó. Kí owó lọ sọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́. Ó sàn kí ìjọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oníṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lè san owó sílẹ̀ fún ju kí wọ́n kó ọjà ogún ènìyàn jọ ní àwìn.

Kò yẹ kí ẹ̀sìn jẹ́ ọ̀nà àtiwọlé fún oníṣẹ́. Nínú ìlànà mẹ́wàá náà, wọ́n kọ ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ọ̀tà, wọ́n pọ̀ láàárín àwọn aládìrẹ àti àwọn ahunṣọ, agbẹ́gilére sì lè jẹ́ oníṣẹ̀ṣe. Ìjọ tó bá ń wá ọmọ ìjọ rẹ̀ nìkan láti ra ọjà lọ́wọ́ wọn ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Ohun tó dára ni ìyẹn pẹ̀lú, àmọ́ orúkọ mìíràn ni kí wọ́n pè é.

Ní ti òfin, ìjọ tó ti fi orúkọ sílẹ̀ ní Corporate Affairs Commission (CAC) lè fi ṣọ́ọ̀bù náà sábẹ́ àwọn alákòóso rẹ̀, tàbí kí wọ́n lo ààyè tí òfin ilé iṣẹ́ (CAMA) ti 2020 fi sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tí kò ní ìpín, tí kò sì lè pín èrè. Ọ̀nà kẹta ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Abẹ́òkúta. Èyí ló dára jù fún Ọ̀tà, nítorí pé àwọn oníṣẹ́ náà lè wọ ẹgbẹ́, kí wọ́n ní ìbò, kí wọ́n sì jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé owó, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ Kuapa Kokoo ti ṣe. Oyin, epo, ọṣẹ àti oúnjẹ inú ọ̀rá tí ṣọ́ọ̀bù bá fẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ tà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC. Iṣẹ́ yẹn gba owó àti sùúrù, ó sì yẹ kí ìjọ gbé e lé èjìká ara wọn, kí wọ́n má fi ti oníṣẹ́.

Àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ìjọ. Kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí owó tó ń jáde, kí àlùfáà má sì sí lára wọn. Kì í ṣe pé a fura sí i: ọ̀pọ̀ ìjọ ló máa ń gbé àlùfáà wọn láti ìlú kan sí òmíràn, ṣọ́ọ̀bù tó bá sì so mọ́ ọn yóò bá a lọ. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fi orúkọ sílẹ̀ láti yọ̀ǹda ara wọn, tó bá sì di oṣù kẹta, àwọn díẹ̀ ni yóò kù. Nítorí náà, kí wọ́n má ṣí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, àti ọjọ́ Sátidé tó parí oṣù tó. Kí ẹni méjì máa wà ní káńtà papọ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n tà kí oníbàárà tó jáde, kí owó tí wọ́n bá fi fóònù san wọ àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù tààrà, kí ó má gba àkáǹtì ẹnikẹ́ni kọjá.

Bí òwò náà bá ń dàgbà, àkókò yóò dé tí iṣẹ́ yóò ju agbára olùyọ̀ǹda lọ. Kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ nígbà náà, kí wọ́n sì san owó rẹ̀ pé. Ṣọ́ọ̀bù tó ń polongo ẹ̀tọ́ aládìrẹ kò lè máa fi ₦30,000 gba ọmọbìnrin kan láti jókòó láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ó yẹ kí wọ́n ronú sí òpin náà kí ìbẹ̀rẹ̀ tó wáyé. Traidcraft, tí ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ ní Britain fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀, ti iṣẹ́ rẹ̀ pa ní oṣù kìíní 2023, lẹ́yìn ohun tó ju ogójì ọdún lọ. Ọjà tó jẹ́ pé lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń rí i tẹ́lẹ̀ ti dé gbogbo sùpámákẹ́ẹ̀tì, ìnáwó rẹ̀ sì ti pọ̀ jù. Nítorí náà, kí ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ bí wọn yóò ṣe pín ohun tó bá kù bí ṣọ́ọ̀bù bá kógbá wọlé: oníṣẹ́ tí wọ́n jẹ lówó ni kí wọ́n kọ́kọ́ san fún, kí ọjà tí wọn kò tíì sanwó rẹ̀ sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ àwọn alákòóso ìjọ tí CAC mọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, òfin kò gbà kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pín ohun tó bá ṣẹ́kù láàárín ara wọn. Ẹgbẹ́ mìíràn tó ní irú ète kan náà ni wọn yóò gbé e fún.